Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Iye Epo Tí Jíìpù Dísù Yín Ń Jẹ Gan-an

“Ṣé kì í ṣe pé jíìpù mi ti ń jẹ epo jù báyìí?” Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wa jíìpù ńlá tó ń lo dísù. Ìbéèrè tèmi náà kì í yí padà: lítà mélòó ló ń jẹ ní kìlómítà 100? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há. Ẹnì kan á ní ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ nìyí. Ẹlòmíì á ní òun ra epo lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì ti ṣírò rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó tó ẹ̀rí tí èèyàn lè gbé lọ bá mẹkáníìkì.

Ọ̀nà tó ṣeé gbára lé kò le rárá: ẹ kún táǹkì, ẹ wa ọkọ̀, ẹ tún kún un, kí ẹ wá ṣírò lítà tó wọlé mọ́ kìlómítà tí ẹ rìn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé “ó ti kún” tòní lè má rí bíi “ó ti kún” ti ọ̀la. Dísù máa ń hó bí omi ọṣẹ nígbà tó bá ń ya wọ táǹkì. Ìfòfó yẹn á kan ẹnu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì dá dúró nígbà tí àyè ṣì wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi máa pẹ́ nílé epo ju ojú ọ̀nà lọ.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan tí kò ní kúrò nínú ọkọ̀, tàbí fóònù yín
- Géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà
- Ilé epo kan tí ẹ lè máa padà sí
- Ìgbà mẹ́rin tí ẹ máa kún táǹkì: àkọ́kọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta yòókù fún ìṣirò

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ òǹkà kìlómítà wò

Tó bá jẹ́ ìwọ̀n táyà tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè fo apá yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni jíìpù fẹ́ràn táyà ńlá, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ́. Táyà tí wọ́n kọ ìwọ̀n 265/65R17 sí lára ga tó nǹkan bíi mìlímítà 776. Táyà 285/70R17 ga tó nǹkan bíi 831. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìdá 7 nínú 100. Ní yíyí kọ̀ọ̀kan, táyà tó tóbi ń gbé ọkọ̀ jìnnà sí i, òǹkà kò sì mọ̀. Nígbà tí òǹkà bá fi máa kọ kìlómítà 600, ọkọ̀ ti rin 642. Tí epo tó lọ bá jẹ́ lítà 77, òǹkà á mú kí ẹ rò pé lítà 12.8 ló ń jẹ ní kìlómítà 100, bẹ́ẹ̀ 12.0 ni. Lóòótọ́, táyà tó wúwo ń jẹ epo, àmọ́ apá kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kàn án kò sí níbì kankan àfi nínú òǹkà.

1. Ẹ wá ọ̀nà márosẹ̀ tó gùn tó sì tọ́, tí òpó kìlómítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí òpó, ẹ lo GPS fóònù yín. Ẹ yẹra fún ọ̀nà tó kún fún kọ́nà tàbí tó gba inú òkè kọjá, torí GPS máa ń gé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kúrú.
2. Ẹ rin kìlómítà 50, ó kéré tán.
3. Ẹ mú iye tí òpó tàbí GPS sọ, kí ẹ fi iye tí òǹkà kọ pín in. Tí òpó bá sọ 50, tí òǹkà kọ 47, ìdáhùn jẹ́ 1.064.
4. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín. Ìyẹn ni ẹ ó máa sọ gbogbo kìlómítà yín di púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi aago eré dá òǹkà kìlómítà lẹ́jọ́. Lábẹ́ ìlànà UN nọ́ńbà 39, aago eré kò gbọdọ̀ sọ pé eré kéré ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń jẹ́ kó bù mọ́ ọn díẹ̀. Pé aago ń sọ 110 nígbà tí GPS ń sọ 105 kò túmọ̀ sí pé òǹkà kìlómítà náà ń parọ́.

## Nílé epo

1. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí táyà tó gbóná, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ lọ sí ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà, kí imú ọkọ̀ sì kọjú síbi kan náà. Táǹkì jíìpù fẹ̀. Tí ilẹ̀ bá dagun díẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sí igun kan, epo kò sì ní lè débẹ̀.
3. Ẹ yẹra fún pọ́ǹpù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Epo rẹ̀ máa ń ya gan-an, ìfòfó rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì lè má gba inú ẹnu táǹkì yín.
4. Ẹ rí i dájú pé dísù ló wà lára pọ́ǹpù náà. Tí pẹtiróòlù bá ti ṣèèṣì wọlé, ẹ má tan ọkọ̀, àní ẹ má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Dísù ló ń ṣe òróró fún pọ́ǹpù alágbára tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Pẹtiróòlù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.
5. Ẹ tú epo níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nígbà tí pọ́ǹpù bá dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 kí ìfòfó rọlẹ̀. Ẹ wá rọra tú u títí tó fi máa dá dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ó parí nìyẹn. Ẹ má ṣe máa rọ́ epo sí i kí owó lè pé iye kan.
6. Ẹ ka lítà lójú pọ́ǹpù. Ẹ kọ èyí tó wà lẹ́yìn àmì náà pẹ̀lú: 78.4, kì í ṣe 78.
7. Ẹ kọ òǹkà kìlómítà àgbà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ lè dá òǹkà ìrìn-àjò padà sí òdo fún ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọmọdé kan ṣoṣo ti tó láti pa á rẹ́.
8. Ẹ máa wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Lórí igbesẹ̀ 5, ẹnu àwọn awakọ̀ kò kò. Àwọn kan ń dúró níbi tí pọ́ǹpù bá kọ́kọ́ dá dúró. Ìyẹn náà dára, bí ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn mìíràn ń kún un títí epo á fi yọjú lọ́rùn táǹkì. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Epo máa ń wú tí ooru bá mú un: lítà 80 dísù tó bá fi ìwọ̀n Celsius 20 gbóná sí i á fi lítà kan ó lé díẹ̀ wú sí i, kò sì sí àyè tí yóò wú sí mọ́. Á dà sílẹ̀. Dísù tó bá dà sílẹ̀ kì í tètè gbẹ bíi pẹtiróòlù. Ó ń yọ̀, alùpùpù tó bá gorí rẹ̀ lè ṣubú.

Ẹ má sì jẹ́ kí epo gbẹ tán torí pé ẹ fẹ́ ìṣirò tó gún régé. Ẹ́ńjìnnì dísù tí epo gbẹ nínú rẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú páìpù, ó sì lè di dandan kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ yẹn jáde kó tó tún tan. Ìṣirò yìí kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye tó padà wọlé. Iye tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ kò kàn án.

### Tí ọkọ̀ yín bá ní táǹkì méjì

Àwọn Land Cruiser kan, fún àpẹẹrẹ, ní táǹkì kejì láti ilé-iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wà tí ẹni tó ni wọ́n fi táǹkì ńlá kún un. Ẹ kún méjèèjì pátápátá nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń parí, kí ẹ sì ka lítà méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá kún ọ̀kan tí ẹ fi èkejì sílẹ̀, epo tó ti inú ọ̀kan lọ sí èkejì lójú ọ̀nà á da ìṣirò rú. Táǹkì tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn máa ń pẹ́ kó tó tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Dípò ìṣẹ́jú 2, ẹ fún un ní 5.

Bákan náà, epo tí ẹ bá rọ láti inú kẹ́ẹ̀gì lójú ọ̀nà wà lára epo tí ọkọ̀ jẹ. Ẹ kọ ọ́. AdBlue, omi tí wọ́n ń dà sínú àwọn ọkọ̀ dísù kan láti fi dín ìdọ̀tí inú èéfín kù, kì í ṣe epo, ẹ má kà á mọ́ ọn.

## Ìṣirò

Lítà ÷ kìlómítà × 100. Kò sí nǹkan mìíràn. Ká ní ìwé yín rí báyìí:

- Ìbẹ̀rẹ̀: táǹkì kún, òǹkà 84,210
- Ẹ̀kíní: lítà 78.4, òǹkà 84,878 (kìlómítà 668) = 11.74
- Ẹ̀kejì: lítà 82.1, òǹkà 85,502 (kìlómítà 624) = 13.16
- Ẹ̀kẹta: lítà 71.3, òǹkà 86,147 (kìlómítà 645) = 11.05

Àpapọ̀ lítà jẹ́ 231.8, àpapọ̀ kìlómítà jẹ́ 1,937. Ọkọ̀ náà ń jẹ lítà 11.97 ní kìlómítà 100. Ẹ kíyè sí i pé epo tí ẹ rà nígbà ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó fún yín níbi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní kìlómítà fún lítà kan, ẹ fi 11.97 pín 100: ó jẹ́ 8.4. Fún máìlì àti gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, ẹ fi 11.97 pín 235.2: máìlì 19.6. Fún gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi pín 282.5: máìlì 23.6. Gálọ́ọ̀nù méjèèjì kò dọ́gba o. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí “tèmi kì í jẹ epo tó tìẹ” ló ti ibẹ̀ wá.

### Ìdí tí táǹkì kan kò fi tó

Ẹ wo ẹ̀ẹ̀kejì nínú àpẹẹrẹ yẹn: 13.16. Ẹni tó bá wo òun nìkan á ti sáré lọ tún ọkọ̀ ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé lítà 2 tí ìfòfó kò jẹ́ kó wọlé nígbà ẹ̀kíní ló wọlé nígbà ẹ̀kejì.

Ká gbà pé ọwọ́ yín lè fi lítà 2 ṣe àṣìṣe nígbà tí ẹ bá ń kún táǹkì. Lórí lítà 20, àṣìṣe náà jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Kò sí ohun tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè fi hàn. Lórí lítà 80, ó di ìdá 2.5. Lórí lítà 240, ìyẹn táǹkì mẹ́ta, kò tó ìdá kan mọ́, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ni àṣìṣe ti lè wọlé. Ti àárín ń pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe bínú sí táǹkì kan tó ga, ẹ má sì yọ̀ sí èyí tó lọ sílẹ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kí èèyàn ro èsì pọ̀ kó sì pín in. Ẹnì kan lo lítà 20 fún kìlómítà 110 nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ: 18.2. Ó wá lo lítà 80 fún kìlómítà 760 lójú ọ̀nà márosẹ̀: 10.5. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó pín in sí méjì, ó ní ọkọ̀ òun ń jẹ 14.4. Irọ́ ni. Lítà 100 ló lò fún kìlómítà 870, ìyẹn 11.5. Lítà pẹ̀lú lítà, kìlómítà pẹ̀lú kìlómítà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pín in.

Kí èèyàn máa wo ọwọ́ géèjì epo. “Ìdajì táǹkì gbé mi dé ibi báyìí.” Ìdajì tí géèjì ń fi hàn kì í sábà jẹ́ ìdajì lítà tó wà nínú táǹkì.

Kí èèyàn gbàgbé àkókò tí ọkọ̀ dúró síbì kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Jíìpù dísù ńlá lè jẹ tó lítà kan ní wákàtí kan láìrìn rárá, pàápàá tí éésì bá wà ní títàn. Òǹkà kò kúrò lójú kan, epo ń lọ. Ẹni tó ń dúró de èèyàn nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti ẹni tó ń rìnrìn-àjò.

Kí èèyàn lo kìlómítà 100 fún iṣẹ́ inú yanrìn tàbí ẹrẹ̀. Nínú 4WD (tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) pẹ̀lú jíà kékeré, kìlómítà 10 lè gba odindi ọ̀sán kan. Lítà ní wákàtí kan ni kí ẹ fi wọn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé yín.

Kí èèyàn bá DPF pàdé láìmọ̀. DPF ni asẹ́ tó ń gba ìyẹ̀fun dúdú inú èéfín. Lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà mélòó kan, ẹ́ńjìnnì á da epo tó pọ̀ sí i láti fi jó ìyẹ̀fun náà. Láàárín àkókò yẹn, epo tó ń lọ á ga, ìró ẹ́ńjìnnì lè yí padà, fáànù lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Ẹ má pa á láàárín tí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ṣe ìdánwò lórí ìrìn kúkúrú kan, tó sì bọ́ sí àsìkò yìí, ẹ da èsì yẹn nù.

## Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ epo

Lẹ́yìn táǹkì mẹ́ta, ẹ ti ní nọ́ńbà tí ẹ lè fi ṣe òdiwọ̀n. Ó kù kí ẹ máa yí nǹkan padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yọ kérìyà orí ọkọ̀, tó fẹ́ táyà, tó sì dín eré kù lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Eré ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Òun ló ń tètè hàn jù lọ lára jíìpù, torí ó ga, iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí ògiri. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ń pọ̀ ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ: láti 100 sí 120, eré fi ìdá 20 lé, ìtì afẹ́fẹ́ fi ìdá 44 lé.

1. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ lè lọ tí ẹ sì lè gbà bọ̀. Àlọ àti àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà pọ̀ nínú ìṣirò, kí òkè àti atẹ́gùn lè san gbèsè ara wọn.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí ẹ tó kún táǹkì ìbẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ rìn ín ní 100, kí ẹ kún un, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ tún rìn ín ní 120, níbi tí òfin bá ti gbà bẹ́ẹ̀.
4. Ẹrù kan náà, iye èèyàn kan náà, éésì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.
5. Tí ìyàtọ̀ tí ẹ rí kò bá ju ìdá 3 nínú 100 lọ, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ìfòfó nìkan lè fa ìyẹn.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ máa gbà dán kérìyà, àgọ́ orí ọkọ̀, táyà tàbí ohun tí ẹ so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn wò. Ẹ má ṣe ìdánwò kan lásìkò òtútù kí ẹ wá fi wé èyí tí ẹ ṣe lásìkò ooru.

## Ọ̀nà mìíràn

Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Kì í ṣe pé kò wúlò. Ó ń fojú bu epo láti inú àṣẹ tó ń fún ínjẹ́kítọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), ó sì sábà máa ń sọ ọ́ kéré ju bó ṣe rí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe táǹkì mẹ́ta yín, ẹ kọ ohun tí òun náà sọ. Tó bá ní 11.2 nígbà tí tiyín jẹ́ 11.97, 1.07 ni àtúnṣe rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ lè máa lò ó fún ìrìn kúkúrú tí táǹkì kò lè wọ̀n.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ OBD, ìyẹn ihò tí wọ́n fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí. Púpọ̀ nínú áàpù wọn ń fi afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnnì ṣírò epo, lórí ìgbàgbọ́ pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá ìwọ̀n epo kan lọ. Pẹtiróòlù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí dísù ń lò máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń yí padà bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe tẹ tọ́tù sí, nítorí náà nọ́ńbà náà lè jìnnà sí òótọ́. Tí ọkọ̀ yín bá ń fi PID 5E hàn, ìyẹn ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó ń sọ lítà ní wákàtí kan tààrà, ẹ lo ìyẹn.

Mítà tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo. Ó péye, àmọ́ dísù tí ẹ́ńjìnnì kò lò máa ń padà sí táǹkì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọn àlọ àti àbọ̀ epo. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún ọkọ̀ ilé.

Ní ti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ pé ọkọ̀ ń jẹ, ẹ wo ìlànà ìdánwò tí wọ́n fi rí i, bóyá NEDC ni tàbí WLTP. WLTP ló rọ́pò NEDC nílẹ̀ Yúróòpù láti oṣù kẹsàn-án 2017, ó sì sún mọ́ òótọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ inú yàrá ìdánwò ni, fún ìṣẹ́jú 30, láìsí àgọ́ lórí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ tí tiyín bá ga jù ú lọ.

## Tí nọ́ńbà bá ga sí i tí kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́

Táǹkì méjì tàbí mẹ́ta léra wọn, láìsí ìyípadà nínú ọ̀nà tàbí ẹrù. Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò, láti orí èyí tí kò náni lówó:

- Afẹ́fẹ́ táyà
- Bíréèkì tó ń fà: lẹ́yìn ìrìn tí ẹ kò tẹ bíréèkì púpọ̀, ẹ sún ọwọ́ mọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ṣé ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù lọ?
- Fílítà afẹ́fẹ́ tó ti dí
- Aago ooru ẹ́ńjìnnì: tí kì í bá gòkè dé ibi tó máa ń dé, tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára) lè ti ṣí sílẹ̀ láìpadé
- DPF tó ń jó ìyẹ̀fun lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ
- Géèjì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì

Ti ọ́ìlì yẹn ni ẹ má fi falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wò ó bóyá ó ti dín. Nínú dísù, ẹ wò ó bóyá ó ti lé. Ọ́ìlì tó ń lé láìjẹ́ pé ẹ bu kún un lè túmọ̀ sí pé dísù ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, bóyá nítorí ìjóná DPF tí kò parí tàbí ínjẹ́kítọ̀ tó ń jò. Ọ́ìlì tí dísù ti là kò lè dáàbò bo irin mọ́. Tó bá ti kọjá ìlà òkè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má tún wà á, ẹ pe mẹkáníìkì wá síbi tí ọkọ̀ wà, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ ti ń kọ hàn án, láti ojú ewé àkọ́kọ́.